Wọ́n Rán Mi Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Pa Iná

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Amẹ́ríkà ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ilé gíga àti títì tó ń dán, kó lọ bi ẹlòmíràn. Èmi kò lọ wo ilé. Ẹnjiníà ni mí ní yunifásítì wa, èmi ni mò ń bójú tó iná ọgbà, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, èmi ni mò ń bójú tó àìsí iná ọgbà. Ohun tí ọ̀gá àgbà wa sì rán mi lọ ṣe lóhùn-ún ni kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín lílo iná kù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹ mọ gbọ̀ngàn ìkàwé wa. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, tọ́ọ̀ṣì fóònù làwọn ọmọ fi ń kàwé, wọ́n á kó orí jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo títí bátìrì rẹ̀ á fi kú. Yunifásítì kan wá wà ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tó ń tú pánẹ́lì sólà àtijọ́ kúrò lórí òrùlé wọn kí wọ́n lè fi tuntun síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ta ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́rẹ, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi hàn pé òun mọ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín iná kù. "Má padà wá lọ́wọ́ òfo o," ni ọ̀gá àgbà wí fún mi. Bí mo ṣe gbéra nìyẹn, tí mò ń lọ sí ìlú tí iná kì í ti í lọ, kí n lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Ìta ń dì, ilé ń gbóná

Ìgbà òtútù ni mo débẹ̀. Bùrọ̀dá Délé ló wá pàdé mi. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Upper Marlboro, ìyàwó rẹ̀ sì ni alábòójútó ilé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí nínú ọgbà yunifásítì náà. Bóyá mo tilẹ̀ ju ìyàwó náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Àǹtí Rónkẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà ò sì pè é ní nǹkan mìíràn.

Nínú mọ́tò, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹnikẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ilé lọ súà, igi tí kò ní ewé kankan lórí lọ súà, mọ́tò ń sáré kọjá, kò séèyàn.

"Bùrọ̀dá Délé, àbí wọ́n ń ṣe kónílé-ó-gbélé níbí ni?"

"Rárá o. Inú mọ́tò ni gbogbo èèyàn wà. Tí o ò bá ní car níbí, o kàn máa jókòó sílé ni. Ẹ má worry, ẹ máa get used to it."

Kò mọ́ mi lára títí mo fi padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹsẹ̀ rìn jáde, ẹnì kan á dá mọ́tò dúró láti bi mí bóyá nǹkan ṣe mí.

Ilé tí a dé jẹ́ ilé alájà mẹ́rin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ń gbé pẹ̀lú ìdílé wọn. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé òórùn ata díndín ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Àǹtí Rónkẹ́ ṣílẹ̀kùn fún wa, bùbá fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà. Ìta ń dì, inú ilé ń gbóná bí ìdí ààrò. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, fèrèsé tó wà lókè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo lọ pa fèrèsé dé. Àǹtí Rónkẹ́ tún lọ ṣí i.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ẹnjiníà. Heat yẹn ti pọ̀ jù."

"Ẹ ò ṣe kúkú pa ẹ̀rọ náà?"

"Tí mo bá pa á, òtútù á mú wa nau."

Mo wo ẹ̀rọ, mo wo fèrèsé, ó rú mi lójú. Iná ń tàn ní gbogbo yàrá lọ́sàn-án gangan, tẹlifíṣọ̀n ń bá àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé àwa la gbé e dé ọ̀hún. Àǹtí Rónkẹ́ sọ fún mi láìfi bò pé àbẹ́là lòun fi kàwé jáde ní Ìbàdàn, òun sì ti ṣèlérí fún ara òun pé òkùnkùn kankan ò tún ní bá òun gbélé mọ́ láyé òun.

Iná tó ń wo èèyàn

Ellen lorúkọ obìnrin tó ń darí ọ́fíìsì tó ń rí sí dídín iná kù ní ọgbà náà, òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń hewú. Ó ní kí n máa pe òun ní Ellen. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Dókítà Ellen, ó ní Ellen nìkan ti tó. Nígbà tó yá mo dá ọgbọ́n sí i, mi ò pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀ mọ́ rárá, mo kàn ń wúkọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá àyà ń dùn mí.

Ó ń jẹ búrẹ́dì tó fi ẹran sáàárín bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, kò ní kí n wá jẹun. Ẹ̀yin ará ilé, kì í ṣe pé ebi ń pa mí. Ohun tí mò ń retí kò ju pé kó sọ ọ́ lẹ́nu kí n lè dáhùn pé á gba ibi ire. Kò sọ ọ́. Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ó ṣàlàyé pé gbogbo iná tí wọ́n ń lò ní ọgbà náà ló ní èéfín lẹ́yìn, bí ojú kò bá tilẹ̀ rí i. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú ayé gbóná, tí òjò ò fi mọ ìgbà rẹ̀ mọ́. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mò ń fetí sílẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rere. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná ti lọ pẹ́ẹ́.

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti dìde. "Wọ́n ti mú iná lọ!" ni mo ké ní èdè wa, mo fò lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, kí iná má baà dé pẹ̀lú agbára kó jó o. Ọwọ́ mi ti ṣe é tán kí ọpọlọ mi tó gbọ́. Ellen kò dìde rárá. Ó gbé apá sókè, ó jù ú bí ẹni tó ń kí èèyàn lókèèrè, iná sì tàn padà.

Àṣé iná ilé náà máa ń wo èèyàn ni. Bí kò bá ti rí ẹni tó mira, á gbà pé kò séèyàn, á sì kú fúnra rẹ̀. A ti jókòó jẹ́ẹ́ jù. Ohun tí Ellen ń kọ lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà ti dàwátì, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá ní kò burú tí kò rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rù máa ń bà mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí n ṣe. Ilé tí mo wọ̀ sí, ilé Àǹtí Rónkẹ́, ló ń jẹ iná jù nínú gbogbo ilé gbígbé ọgbà náà. Ìdíje fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ilé yìí. Bí mo bá lè bá àwọn èèyàn mi sọ̀rọ̀ kí mítà ilé náà lọ sílẹ̀ kí ìdíje tó parí, pánẹ́lì náà di tiwa. Bí kò bá lọ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló máa kó o. Ó tún un sọ kó lè dá mi lójú: kí n jẹ́ kí wọ́n pa iná níhìn-ín, kí iná lè tàn nílé. Mo ní ó yé mi. Kò yé mi.

Ohun tí mo kọ sára ògiri

Ọ́fíìsì Ellen ń ṣe sítíkà kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì, ní èdè tí àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan ń sọ. Wọ́n ní kí n kọ ti Yorùbá. Mo kọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ìbá kọ: Pa iná rẹ kí o tó jáde. Mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ káàkiri, láti ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ títí dé òkè pátápátá, inú mi sì dùn pé mo tètè rí iṣẹ́ mi ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ku ẹyọ kan lára ògiri. Àǹtí Rónkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ká ọ̀kan mọ́wọ́.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló write thing yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá bíi tèmi! Ẹ wá kọ ọ́ sára ògiri mi pé kí n pa iná mi kí n tó jáde. Jáde níbo? Jáde láyé?"

"Àǹtí Rónkẹ́, iná mọ̀nàmọ́ná ni mo ní lọ́kàn."

"Ẹ ò kọ mọ̀nàmọ́ná síbẹ̀. Iná rẹ lẹ kọ síbẹ̀. Every morning, ohun tí ojú mi á kọ́kọ́ rí nìyẹn? Iná mi ò ní kú, lórúkọ Jésù!"

"Àmín!" ni ohùn obìnrin kan dáhùn láti òkè àjà kejì.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò gba ẹ̀rín. Nígbà tí mo wá rò ó, mo rí i pé kò jẹ̀bi. Ojoojúmọ́ là ń sọ nílé pé pa iná, kò sẹ́ni tó ń ta gìrì, nítorí ẹnu la fi ń sọ ọ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Èyí tí wọ́n kọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ẹni, ibẹ̀ ló máa wà tí á máa wo èèyàn, á sì máa sọ fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ pé iná tirẹ̀ ni.

Ó pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀ kí a lè wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní kí a kọ ọ́ pé Dín iná kù. Obìnrin tó ṣe àmín lọ́jọ́sí, Bísí, tó ń ka ìwé dókítà tó sì ń tọ́mọ lọ́wọ́, gbé ọmú kúrò lẹ́nu ọmọ kó lè ráyè fèsì. "Dínkù kẹ̀? Ṣé ká dínkù la ṣe gba visa? Ìgbéga la bá wá o." Mo ní ó dáa, ká kọ ọ́ pé Jẹ́ kí iná sinmi. Mo rò pé mo ti rí i. Àlàájì Mùfú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ nípa oògùn, tó ti ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí bàbá mi kú, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé wọ́n ti lọ sinmi. Mi ò fẹ́ máa kà á nínú bathroom."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà wa pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní pánẹ́lì ńkọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ tí a máa lò là ń wá. Ó ní, "Ọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ni mo rán ọ lọ wá ni?" Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, mítà ilé wa ń yí bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń rí àwọn ọmọ yẹn lójú mi, tí wọ́n tẹ orí sórí ìwé nínú òkùnkùn, tí wọ́n gbà pé mò ń mú ìmọ́lẹ̀ bọ̀. Mo wà ní ìlú tí iná kún inú rẹ̀, mi ò sì rí èyí tí mo lè mú lọ sílé.

Oúnjẹ Forestville

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Forestville. Àárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun èékánná àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Bí o bá ń kọjá lọ, o ò ní mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé, wọ́n kí mi bí ẹni tí wọ́n ti ń retí láti ọdún tó kọjá. Wọ́n bi mí nípa ìyá mi, wọ́n bi mí nípa àwọn ọmọ mi, obìnrin kan bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún mi nítorí pé ó ní ọwọ́ mi tutù. Ó pẹ́ tí mo ti jẹ́ àjèjì débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé oúnjẹ jáde nínú abọ́ bébà fàdákà ńláńlá: ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò, mọ́ínmọ́ín, adìyẹ díndín. Àwọn ọkùnrin ló ṣíwájú. Àǹtí Rónkẹ́ ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń béèrè pé, "Ṣé ó kàn yín? Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ó kàn yín?" Nígbà tó dé ìdí adìyẹ, ó rí bí wọ́n ṣe ń kó o.

"Ẹ̀yin bùrọ̀dá wọ̀nyí! Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn àbúrò yín o. Choir ò tíì jẹun!"

Ọkùnrin kan tó ti gbé itan adìyẹ kejì rọra dá a padà sínú abọ́. Ẹlòmíràn sún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó gbàdúrà lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Wọ́n kàn dá ẹran padà ni.

Mo gbàgbé oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ mi. Inú àwo kan náà ni púpọ̀ nínú wa ti jẹun dàgbà. Ẹ rántí ohùn ìyá yín lẹ́yìn yín: ṣẹ́ ẹ kù fún àbúrò rẹ. Ẹ̀gbọ́n tó bá gbọ́n á dìde nígbà tí oúnjẹ ṣì kù nílẹ̀, nítorí ẹni kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní dídínkù. Àgbà là ń fi ń jẹ́.

"Àǹtí Rónkẹ́, ẹ tún ohun tẹ́ ẹ sọ sọ."

"Kí ni mo sọ? Àbí ẹran ò kàn yín ni?"

Àbúrò wo?

Bí sítíkà kejì ṣe di Ṣẹ́ iná kù fún àbúrò rẹ nìyẹn. Ellen ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán, ó bi mí pé ẹni tí kò bá ní àbúrò ńkọ́. Mo ní nínú èdè wa, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kò sẹ́ni tó ṣí i kúrò lára ògiri. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Àbúrò wo?" Mo mú àwòrán gbọ̀ngàn ìkàwé wa jáde lórí fóònù mi, èyí tí mo yà lọ́jọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Fóònù náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní pálọ̀. Bísí wò ó pẹ́. "Ibí kọ́ ni mo ti kàwé," ló wí, "but it's the same thing." Àlàájì Mùfú ní kí n fi ránṣẹ́ sóun.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Wọ́n dín ooru ilé kù, wọ́n pa fèrèsé dé, tẹlifíṣọ̀n dákẹ́. Bùrọ̀dá Délé wọ súwẹ́tà mẹ́ta lé ara wọn, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní òun ń ṣẹ́ iná kù. Mítà ilé wa lọ sílẹ̀ débi pé Ellen rán èèyàn wá wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Orí mi wú. Mo pe ọ̀gá àgbà, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n lọ gbá orí òrùlé gbọ̀ngàn ìkàwé sílẹ̀ dè mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bùrọ̀dá Délé ní ká lọ kí àbúrò òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun ní Brandywine. A dé ibẹ̀, mo bá ilé wa níbẹ̀. Ìdajì àwọn ará ilé wa ló wà nínú ilé ọkùnrin náà. Bísí ń lọ aṣọ lórí tábìlì ìjẹun, aṣọ àwọn ẹlòmíràn tò lẹ́yìn tirẹ̀ bí òkìtì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí, èyí tó ń gbẹ aṣọ ń yí, ìkòkò ẹ̀wà wà lórí gbogbo ojú sítóòfù, Àǹtí Rónkẹ́ ló dúró tì wọ́n. Gbogbo iná ilé náà ló ń tàn lójú oòrùn.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"À ń ṣẹ́ iná kù ni," ni Àǹtí Rónkẹ́ wí. "Ilé tiwa ni wọ́n ń wò, wọn ò wo Brandywine. Ṣé mítà wa ò lọ sílẹ̀ ni?"

"Ó lọ sílẹ̀."

"Ẹhẹn. So, what is the problem?"

Mo mọ̀ pé nǹkan kan wọ́, mi ò sì lè fọwọ́ sí i. Èéfín Brandywine àti èéfín inú ọgbà, ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ṣùgbọ́n pánẹ́lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́wọ́ wa. Bí mo bá panu mọ́, gbọ̀ngàn ìkàwé á níná. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ yẹn á padà sídìí tọ́ọ̀ṣì fóònù, àwọn tó ń lọ aṣọ yìí á sì pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀wà fún mi, mo jẹ ẹ́, mi ò mọ bí ó ṣe rí lẹ́nu.

A jókòó sínú òkùnkùn

Ì bá ṣe pé Ellen kò yìn mí, bóyá ǹ bá ti dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ọgbà, kí n wá bá wọn sọ bí a ṣe ṣe é. Mo wúkọ́, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí áyọ́ọ̀nù dórí ẹ̀wà.

Ó gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ máa ń tètè ṣú nígbà òtútù, ìta ti ń dúdú. Nígbà tí kò sẹ́ni tó mira nínú wa, iná ilé náà lọ. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé apá sókè.

Inú òkùnkùn yẹn ló ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tí kò dùn. Ó ní àwọn náà ń ṣe irú rẹ̀. Èyí tí wọn ò bá lè dín kù nínú èéfín ọgbà, wọ́n á sanwó fún àwọn èèyàn kan lọ́nà jíjìn kí wọ́n má gé igi wọn, wọ́n á sì kà á pé àwọn ti dín in kù. Ó ní Brandywine tiwọn nìyẹn. Mo bi í bóyá nǹkan kan náà ni. Ó ní igi yẹn ń ṣe iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n bóyá nǹkan kan náà ni, òun ò mọ̀. Ó bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí mo ti dé, mo ti gbà pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò yé, mi ò rò ó pé kò yé ẹni tó ń kọ́ mi.

Ó ní ìdíje ṣì kù díẹ̀. Ká tún un ṣe láti inú ilé wa, òun á sì wo èyí tó bá jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ó wá ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì nínú òkùnkùn, ó ti ìdajì rẹ̀ sí iwájú mi. Kò sọ pé wá jẹun. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Rónkẹ́ bínú sí mi. "Ẹ lọ report wa?" ló wí, ó sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Fún ọjọ́ díẹ̀, bí mo bá kí i, ó kàn ń mi orí ni. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìrìn-àjò náà. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó tún pe ilé jọ sí pálọ̀.

"Ẹnjiníà ti spoil gbogbo nǹkan," ló wí, kò wo ọ̀dọ̀ mi. "But mo ti rò ó. Tí mo bá ṣẹ́ ẹran kù nínú àwo mi, tí mo wá bọwọ́ bọ àwo ẹlòmíì, kí ni mo ṣẹ́ kù? Kí gbogbo yín máa lọ aṣọ yín nílé. Ẹ lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa áyọ́ọ̀nù náà."

"Ẹ ṣẹ́ ẹ kù," ni Àlàájì Mùfú tún un ṣe fún un.

"Ẹ ṣẹ́ ẹ kù. Ẹ má bínú."

Mítà gun òkè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rọra sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ìdíje parí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkẹyìn. Ilé mìíràn gba ipò kìn-ín-ní, wọ́n ń jó. Ellen fẹsẹ̀ rìn wá sí pálọ̀ wa nínú yìnyín, ó ní èyí tí ilé wa dín kù kéré, ṣùgbọ́n òun gbà á gbọ́. Pánẹ́lì di tiwa. Bísí ló kọ́kọ́ pariwo, Àǹtí Rónkẹ́ dì mọ́ mi, ó gbá mi lẹ́yìn bí ẹni tó ṣì ń bínú.

Nílé

Ìyókù ṣojú yín. Ẹ rí bí a ṣe gun òrùlé, ẹ rí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan án, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò sókè. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe nǹkan tuntun. Gbogbo súwíìṣì tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ni wọ́n tàn láàárọ̀ tí wọn ò sì pa, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, torí pé iná tó bá wà, kí èèyàn yára lò ó kó tó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, bátìrì tó ń tọ́jú iná sólà ti gbẹ. "Wọ́n ti mú iná lọ!" ni gbogbo wọn ké, wọ́n sì kọjú sí mi.

Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ ẹni tí mo lè bú. Kò sẹ́ni tó mú un lọ lọ́tẹ̀ yìí. Àwa la jẹ ẹ́ tán. Mi ò lè parọ́ fún yín pé gbogbo ohun tí mo lọ kọ́ ló yé mi. Ọ̀rọ̀ igi yẹn ṣì ń rú mi lójú, mi ò sì mọ̀ bóyá ayé á gbóná díẹ̀ sí i tàbí kò ní gbóná nítorí súwẹ́tà Bùrọ̀dá Délé. Ṣùgbọ́n sítíkà tó kù ṣì wà nínú àpótí mi. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì. Àwọn ọmọ kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò wo, sà?" Mo ní àwọn tó ń bọ̀ wá kàwé nírọ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, mo jókòó sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn náà nígbà tí fóònù mi dún. Àǹtí Rónkẹ́ ni.

"Ẹnjiníà, iná wa ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ má kàn fi ọ̀rọ̀ mú inú mi dùn o. Àwọn àbúrò wa ńkọ́? Ṣé ó kàn wọ́n?"

Mo gbójú wo inú gbọ̀ngàn náà. Ìlà iwájú ti ṣófo, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti lọ, wọ́n sì ti pa fáànù àti iná orí wọn kí wọ́n tó lọ. Lẹ́yìn níbi tí àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní tò sí, ìmọ́lẹ̀ funfun bo gbogbo tábìlì, kò sẹ́ni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Mo na ọwọ́ sí ògiri, mo pa iná tó wà lórí èmi alára.

"Ó kàn wọ́n, Àǹtí Rónkẹ́," ni mo wí. "Ó kàn wọ́n."